Nọ́ńbà Kìíní Wà Lọ́wọ́ Màmá Fàósátù

Abúlé Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́,
Lọ́nà Iléṣà.
Oṣù Kẹta, ọdún 1996.

Sylvester, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Lucy ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìrètí ọmọ wa ńkọ́? Bí ẹ bá béèrè wa, a wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀, ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ṣí páànù lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ọlọ́run tí ó mú ọ dé Sùúrùlérè kò ní jẹ́ kí Sùúrùlérè gbé ọ mì. Àmín.

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ Ṣàfíù onímọ́tò. Mo kà á, mo tún un kà, mo tún gbé e fún Theophilus, kátíkíìsì wa, kí ó bá mi wò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi. Ohun tí mo rí dì mú níbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí o gbé sí pálọ̀ rẹ ní ẹnì kan nínú tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, pé ẹni náà ti darúgbó, o sì ti lọ ra tuntun ní Yàbá kí ó wá gba ipò rẹ̀. Mo bá ọ yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, ṣé o kọ́kọ́ bá èyí àtijọ́ sọ̀rọ̀ ná? Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, nígbà tí a fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá tó ń lu agogo, oúnjẹ la kọ́kọ́ sè fún un kí a tó la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì tí o kọ ló yé mi jù. O ní o ti sanwó, síbẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, àṣẹ láti lò ó ni wọ́n fún ọ, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni o ti lè lò ó, o kò sì gbọdọ̀ fi yá Rilwan ọ̀rẹ́ rẹ. Inú ń bí ọ sí i. Kí lo ń bínú sí? Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Bàbá mi san án lórí oko kòkó tí ó fi rán mi níléèwé, ó ń gbé iṣu lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà kò sì di tirẹ̀ títí ó fi kú. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ọdún bá ti yí, kí o mú iṣu díẹ̀ àti àkùkọ kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni láísẹ́ǹsì yẹn, kí ó lè mọ ojú rẹ. Kí o sì kan ìwé náà mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá yọjú láti ojú fèrèsé lè rí i. Ọjọ́ tí mo gbàgbé láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ mi sílé ni wọ́n dá mi dúró lọ́nà Iléṣà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. O ní nítorí pé o ti ní èyí àtijọ́, wọ́n dín owó tuntun kù fún ọ, ṣùgbọ́n tuntun náà ní òun kò ní wọlé àfi tí òun bá fojú ara òun rí àtijọ́. Ohun pẹlẹbẹ kan tí o pè ní díìsìkì, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà kìíní sí lára, ni ó ń béèrè. O sì ti nu àtijọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí o tó mọ̀, ó wá jókòó síbẹ̀ bí àpótí òfìfo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ iléèwé tí o gbà láti tẹ̀ wà nílẹ̀, bí oṣù yìí bá sì parí wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn. Lucy wá rántí pé nígbà tí òun ń palẹ̀ ilé mọ́ ní Kérésì, òun kó àwọn díìsìkì àtijọ́ mọ́ ẹrù inú páálí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. O ní kí n wo inú páálí, kí n kó wọn fún Ṣàfíù.

Inú páálí wo, Sylvester? Ṣé o ti gbàgbé ilé ni? Ta ní í gba ẹrù Èkó tí í fi í sílẹ̀ sínú páálí? Ọjọ́ tó dé gan-an la tú u ní pálọ̀ lójú gbogbo ẹbí. Bàtà rẹ bá ẹsẹ̀ Theophilus mu, Edith àbúrò ìyá rẹ gba kọ́tìnì. Nígbà tí ó kan àwọn díìsìkì dúdú yẹn, a kò mọ ohun tí wọ́n wà fún, ṣùgbọ́n a rí nọ́ńbà lára wọn, mo sì gbóríyìn fún òyìnbó. Ó mọ̀ pé ẹrù pínpín a máa dá ìjà sílẹ̀, ló fi tò ó ní ipò àgbà. Bí a ṣe pín in nìyẹn. Nọ́ńbà kìíní fún Màmá Fàósátù ẹ̀gbọ́n mi, ìkejì fún èmi, ìkẹta fún ìyá rẹ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Edith, tí ó ń fi tirẹ̀ dé ife omi.

O sì mọ bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà láti ìgbà tí wọ́n ti pín ogún bàbá wa, tí wọ́n ní obìnrin ni, wọ́n fún un ní ọlọ, wọ́n fún èmi àbúrò ní ilé. Èmi kọ́ ni mo pín in, àwọn àgbà ẹbí ni. Èmi kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí mo pe orúkọ rẹ̀ ṣáájú orúkọ mi, tí mo na díìsìkì sí i, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá kí mi láràárọ̀. Ó rán àpò kékeré kan fún un. Bí àlejò bá dé, á yọ ọ́, á fa irin tó wà lẹ́nu rẹ̀ kó ṣí, kó tún padé, á ní ohun tí ọmọ àbúrò òun fi ránṣẹ́ sí àgbà nìyẹn.

Òun lo ní kí n lọ gbà padà. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo kọ́kọ́ mú nọ́ńbà kejì tèmi lọ bá a, mo ní kí a ṣe pààrọ̀, pé tèmi ló dán jù. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó béèrè pé ilé bàbá wa ńkọ́, ṣé a ó pààrọ̀ ìyẹn náà? Mo padà sílé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú àgbébọ̀ adìẹ kan lọ. Ó gba adìẹ, kò fún mi ní díìsìkì.

Ni mo bá sọ òótọ́ fún un. Mo ní ẹnì kan fẹ́ wọ ilé Sylvester ní Sùúrùlérè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àfi tí òun bá rí nọ́ńbà kìíní, nọ́ńbà kejì kò tó, ẹ̀bẹ̀ kò sì ràn án. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé òun ni wọ́n ń béèrè? Mo ní òun ni. Ó ní ṣé wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni òun? Mo ní wọn kò béèrè ìyẹn. Ló bá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń jẹ́ ìpè.

Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà yìí fún ọ. Má fa díìsìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í bọ ẹnu kọ̀ǹpútà, kí Lucy sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa. O mọ̀ pé ọmọ òṣómàáló ni wá, àwọn bàbá ńlá wa kì í dìde ní ìlóṣòó níwájú ilé ẹni tó ra aṣọ àwìn títí yóò fi sanwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun yóò ṣe lóṣòó síwájú ẹ̀rọ yẹn títí tí yóò fi wò ó tán tí yóò dá a padà, nítorí pé díìsìkì náà ń bọ̀ wálé pẹ̀lú òun. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bọ̀, fún un lówó ọkọ̀, kí o fi owó páànù àti ti oògùn orúnkún ìyá rẹ kún un. N kò ní dárúkọ iye, ojú rẹ mọ ohun tó yẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ràn tuntun tí o rà yìí ju bí o ṣe rò lọ. Kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò gbé abúlé rí, síbẹ̀ ó mọ̀ pé a kì í gba ìjókòó àtijọ́ láìrí ojú rẹ̀. Ṣàfíù ní Ìrètí ti ń rìn. Èmi àti ìyá rẹ kò tí ì rí i. Láti ìgbà tí ẹ ti bí i, páálí ló ń wá ṣe Kérésì dípò yín, ó sì ń dùn wá.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí tuntun rẹ wọlé, kí iṣẹ́ rẹ má bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí láísẹ́ǹsì ẹ̀mí rẹ gùn ju tèmi lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Àkàngbé, tí nọ́ńbà kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tí ì béèrè.