Aṣọ Iṣẹ́ tí Narh Ahumatah Wọ̀ Wálé

Èmi, Narh Kabutey Ahumatah, ọmọ bíbí Okumkope létí ọ̀sà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ni mo ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Kíndìnrín mi ló ń kú lọ. Ọpọlọ mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Dede, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni alábòójútó ìhágún yìí. Kí ó kà á sókè lójú gbogbo ìdílé, kí ó má fo ìlà kan.

1. Ilé mi oníyàrá mẹ́ta, mo fún Koryo, ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Ó ní òun kò lè máa bá ìpàdé ìlú du ọkọ. Kí ọmọdé kankan má sùn níbẹ̀ títí a ó fi gbẹ́ erùpẹ̀ àgbàlá náà jìn dé orókún, tí a ó sì kó o jìnnà. Owó ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo dúró nídìí iná wọn, ẹnikẹ́ni kò sì tó bẹ́ẹ̀ láti bú wọn lójú mi.

2. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta, mo fún Padi Ocansey tí a jọ ṣiṣẹ́ nídìí iná náà. Padi, lọ́jọ́ tí ìjà tí èmi àti ará ìlú bá ilé iṣẹ́ náà jà mú kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, o dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, o ní, "Narh, ìwọ ti jẹun yó, o wá fọ́ ìkòkò mọ́ wa lórí! Ṣé ìwé ẹ̀sùn rẹ làwọn ọmọ mi á máa fi jẹ kẹ́ńkẹ́?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Má so ewúrẹ́ náà mọ́ ẹ̀yìn ògiri ilé iṣẹ́ náà. Eérú òjé ṣì wà nínú koríko ibẹ̀.

3. Ìwé tí mo kọ orúkọ ọmọ mọ́kànlélógójì sí, pẹ̀lú òjé tí wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì Akuyo. Ẹjọ́ tí a pe ilé iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè mi, mo fún àwọn obìnrin tó ń wa iyọ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé mi, kí àwọn ọkùnrin tó rántí pé àwọn náà bímọ.

4. Kí wọ́n má fi orúkọ mi pe ilé ìwé tuntun. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé kí ló fún mi nígboyà. Mo máa ń dáhùn pé ìfẹ́ ìlú ni. Irọ́ ni.

Maku, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, máa ń sá wá pàdé mi, á ki orí bọ inú aṣọ iṣẹ́ mi, á ní, "Bàbá, ẹ ń rùn bí ìṣó!" Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lẹ́nu rẹ̀. Gìrì tẹ̀ lé e. Akuyo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yín ló wà lára ọmọ yìí. Ẹ má wọ aṣọ yẹn wọlé mọ́ o. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́.

Koryo, ohun tí mi ò sọ fún ọ rí nìyí. Oṣù márùn-ún ni mo tún fi ṣe iṣẹ́ náà, torí òrùlé ilé kò tíì pé. Mo lè wẹ̀ lọ́sà kí n tó wọlé. Mi ò ṣe é, torí ó ń rẹ̀ mí. Maku ń dì mọ́ mi lójoojúmọ́. Nígbà tó kú, o di ẹ̀bi náà ru ara rẹ, o ní bóyá ẹja tí o fún un ni. Mo jókòó tì ọ́, mo jẹ́ kí o máa sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn ìlú. Ẹnu mi le sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ torí pé kò le sí ara mi.

5. Ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì Maku kì í ṣe tèmi. Ti Koryo ni, bó bá fẹ́ ẹ. Kí ẹ sin mí síbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi Dede, mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ yí èyí padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i.

Mo fọwọ́ sí i lórí ibùsùn mi ní Okumkope, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, ọdún 2019.

Narh K. Ahumatah

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí mi bí mo ṣe fọwọ́ sí i ṣùgbọ́n tí wọn kò ka inú rẹ̀:
Kpeglo Dugbatey, apẹja
Teye Nartey, olùkọ́