Ìbínú Gbé "Wọ́n Ní" Mì

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti onílé yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti tún òrùlé ṣe. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rẹ́ pákó. Aránṣọ ìtòsí ló ń bá mi kọ èyí.

O ní olùkọ́ rẹ dá iṣẹ́ tí o kọ nípa ilé ìwòsàn padà. Ìwé ilé ìwòsàn sọ pé nọ́ọ̀sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ nígbà tó kú. Ìwọ kọ ọ́ pé kò sí nọ́ọ̀sì kankan níbẹ̀. Olùkọ́ ní, "Ta ló rí i?" O fẹ́ dáhùn pé, "Bàbá mi ni."

N kò rí i. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà.

"Bàbá, ṣé kí n kọ ìyẹn?" Aránṣọ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́, aṣọ kọ́ ló ń gé.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló sọ fún mi pé kò sí nọ́ọ̀sì. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo máa ń sọ pé "wọ́n ní". Nígbà tó yá, ìbínú gbé "wọ́n ní" mì. Èmi tí n kì í gé pákó tí ẹlòmíràn wọ̀n.

Nọ́ńbà obìnrin náà wà lẹ́yìn ìwé yìí. Pè é kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí o máa kó iṣẹ́ náà fún olùkọ́ rẹ. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi, tirẹ̀ ni kí o kọ.

Fi òróró orúnkún ránṣẹ́. Kí Ọlọ́run tì ọ́ lẹ́yìn. Ìyá rẹ kórìíra irọ́, títí kan tèmi.

Bàbá rẹ