Ilẹ̀ Tí A Fọ̀ Lábẹ́ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó tún jẹ́ kí n rí òwúrọ̀ òní, tí ojú mi ṣì ríran dé orí ìwé, tí ọwọ́ mi sì lè di kálámù mú láì gbọ̀n jù. Ara mi le níwọ̀n bí ara àgbàlagbà ṣe lè le. Ọpẹ́ ni mo fi ṣíwájú, nítorí pé ohun tí ó kàn kò rọrùn láti sọ fún baba ẹni.

Bàbá, ẹ kò sí nínú ọgbà yín ní Àpá mọ́. A ti gbé yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ rántí àwọn táǹkì epo dúdú tí ẹ rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, láàárín àwọn igi àgbọn, nígbà tí àwọn oníbúrẹ́dì láti Mòwó títí dé Ọ̀tọ̀ ń wá ra epo lọ́wọ́ yín fún ààrò wọn. Epo yẹn ni ó rán wa lọ sí ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù. Mo ṣì ń rí yín bí ẹ ṣe máa ń ti ìka bọ̀ ọ́, tí ẹ ó fi àtàǹpàkò ra á, tí ẹ ó gbé e sí imú, tí ẹ ó sì mọ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́. Nígbà tí agogo àdúrà bá lù, ọwọ́ dúdú náà ni ẹ fi ń ṣí Bíbélì, títí etí gbogbo ojú ìwé fi dúdú. Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé àwọn táǹkì ti ń jò? Ṣé ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún yín?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, àwọn táǹkì wà níbẹ̀, wọ́n ń dípẹtà. Nígbà tí ó yá, omi kànga bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí ọrùn ẹyẹlé. Àwọn àgbọn kú láti orí wá. Máùtín àbúrò mi, tí ó ń gbé inú ilé náà, ń ra omi mu, ṣùgbọ́n ta ni ó lè máa ṣọ́ ọmọdé ní gbogbo ìgbà? Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fa omi kànga mu tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n. Ara wọn sú, inú rírun kò fi wọ́n sílẹ̀. Ní ìkẹyìn, ìjọba rán àwọn tí ń fọ ilẹ̀ wá.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ẹ̀njíníà, ni olórí wọn. Ó lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ọgbà, ó bu iyẹ̀pẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó sì padà wá bá mi.

“Bàbá, ìdí àwọn táǹkì burú, ṣùgbọ́n abẹ́ símẹ́ǹtì funfun yẹn burú jù ú lọ. Kí ni ẹ kó síbẹ̀?”

“Baba mi ni.”

Ó yí padà wo símẹ́ǹtì náà.

Ẹ̀yin ni ẹ pàṣẹ rẹ̀, Bàbá. Gbogbo Àpá ni ó ń fi epo dúdú kun òpó ilé kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ẹ ní ṣé pósí kì í ṣe igi ni? Ẹ ní ikán kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan yín. Nítorí náà a da epo sí ìsàlẹ̀ ibojì, a fi kun pósí, a sì da ìyókù lé e lórí. Orin ìjọ ni a ń kọ bí a ti ń dà á. Kò sí ẹni tí ó bojú wo ẹ̀yìn wo kànga.

Ẹ̀njíníà náà sọ pé bí a bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, asán ni gbogbo ìyókù, nítorí òjò yóò máa fọ epo náà sínú kànga àti sínú ọ̀sà. Mo pe ẹbí jọ. Màmá Ajárá, àbúrò yín obìnrin kan ṣoṣo tí ó kù, fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀.

“Ṣé ẹ fẹ́ wú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni wú ẹ̀gẹ́?”

“Màmá, nítorí omi ni,” Máùtín dá a lóhùn.

“Omi! Ṣé omi inú ọ̀rá ti tán lọ́jà ni? Ẹ fi kànga sílẹ̀ fún un. Kí ni òkú gbà lọ́wọ́ yín?”

“Àwọn ọmọ mi ni ó fẹ́ gbà, Màmá.”

Gbogbo wọn wá yí ojú sí mi, èmi àkọ́bí. Mo ní kí wọ́n wú yín.

Ní ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà bí ẹni wá wòran. Ọlọ́kadà kan pariwo pé, “Bàbá Elépo ti jíǹde o! Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, epo ti wọ́n!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo mọ ìyá rẹ̀. Ó sunkún níbi ìsìnkú yín. Mo ṣí fìlà mi.

Nígbà tí wọ́n kan pósí, ó wà bí ọjọ́ tí a gbé e wọlẹ̀. Màmá Ajárá, tí ó ti búra pé òun kò ní wá, pàtẹ́wọ́. “Ẹ wò ó! Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́n jù yín lọ!” Orí mi wú fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni katapílà gbé e sókè. Igi kò jẹrà, ṣùgbọ́n ìṣó ti jẹrà. Ìdí pósí já, ẹ sì tú sínú ẹrẹ̀ dúdú náà níṣojú wa.

A mú asẹ́ tí wọ́n fi ń jọ iyanrìn wá. A rí orí yín, a rí egungun itan àti ti apá. Ṣùgbọ́n àwọn ìka yín, Bàbá, a kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí gbòǹgbò àgbọn, epo ti sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Òjò ṣú lórí ọ̀sà. Awakọ̀ típà ń fọn fèrè.

“Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kúrò kí òjò tó dé,” ẹ̀njíníà wí. “Bí ó bá ṣàn wọ kànga, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Máùtín di asẹ́ mú, kò fi sílẹ̀. Màmá Ajárá ń ké pé, “Ìka ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀!” Mo gba asẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi. Mo ní, “Ẹ máa gbé e lọ.”

Ńṣe ni wọ́n ń sun iyẹ̀pẹ̀ náà, Bàbá, nínú ààrò irin, títí epo yóò fi jó kúrò lára rẹ̀. Èmi tí mo ń kọ́ ìjọ pé inú ilẹ̀ ni a ń tẹ́ onígbàgbọ́ sí, èmi ni mo fi ọwọ́ baba mi ránṣẹ́ sínú iná. Ǹjẹ́ Ẹlẹ́dàá yóò ṣà yín jọ láti ibi méjì? Mo gbà gbọ́ pé yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bi?

Èyí tí ó ṣẹ́kù, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Kò funfun. A sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ, lẹ́bàá ògiri, nínú àpótí tí kò tóbi ju ti ìkókó lọ. Màmá Ajárá kò wá. Ó ránṣẹ́ pé òun kò ní ìdajì ẹ̀gbọ́n. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí i, kì í dá mi lóhùn.

Wọ́n fa omi kànga jáde títí omi tuntun fi sun. Nígbà tí ẹ̀njíníà yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì fọwọ́ sí i, ìyàwó Máùtín bu korobá àkọ́kọ́, àwọn ọmọ sì dù ú mu. Wọ́n bu tèmi fún mi. Mo fẹ́ kí ó korò. Ó dùn, Bàbá. Mo sì mu ún tán.

Kí Ọlọ́run bùkún ilé yín. Kí kànga rẹ̀ má gbẹ. Kí àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí níbi tí ẹ sùn sí dàgbà, kí wọ́n dàgbà darúgbó, kí Ọlọ́run sì jẹ́ kí wọ́n sin òbí wọn ní odindi.

Èmi ni,
àkọ́bí yín tí ó fẹ́ràn yín.