Mọ́mì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́ta tí mi ò ti fa áìsì, oògùn olóró yẹn. Sájẹ́ǹtì – ìyá mi – ló wà mí láti Whyalla, ìlú wa ní Ọsirélíà, dé Adelaide. Wákàtí mẹ́rin. Àwọn oníṣègùn tó ń ṣèwádìí oògùn olóró ya àwòrán ọpọlọ mi. Mo sùn sínú ẹ̀rọ wọn.

Ọjọ́rú, 5
Eyín Tamsin ọmọ mi yọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó sáré tọ̀ mí wá: "Mọ́mì, ẹ wò ó!" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ètè lásán – inú mi ṣófo. Ó wojú mi, ó sì mú eyín rẹ̀ lọ fún ìyá-ìyá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Dókítà Ranasinghe, ọ̀kan nínú àwọn oníṣègùn náà, fi àwòrán ọpọlọ mi han èmi àti Sájẹ́ǹtì. Ó ní èròjà kan wà nínú ọpọlọ, dopamínì, òun ló ń jẹ́ kí nǹkan wuni, kó dùn mọ́ni. Àwọn ibi kan sì wà nínú ọpọlọ tó ń gbà á wọlé. Áìsì da èròjà náà bò wọ́n títí ọpọlọ fi ń pa wọ́n dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi tó ṣẹ́kù ò pọ̀.
Mo bi í bóyá wọ́n á padà.
"Díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fara dà á fún ọdún kan, ọdún méjì."
"Gbogbo ẹ̀ ńkọ́?"
"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, Merrin."
Sájẹ́ǹtì nínú mọ́tò: "Ṣé ọpọlọ náà ló ní kó o gbàgbé ọmọ sẹ́nu géètì ilé ìwé?"


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mo jẹ páì ẹran. Mo lọ wo òkun. Bákan náà ni méjèèjì: kò sí èyí tó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Mo tún ti fa áìsì. Jarrod, tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló tà á fún mi lẹ́bàá èbúté.
Mo délé, Tamsin ń ya ẹja. Mo jókòó tì í nílẹ̀. Ọlọ́run mi, ọmọ yìí rẹwà! Àmì pupa wínníwínní orí imú rẹ̀ – bí ẹni pé mi ò rí i rí. A yàwòrán, a kọrin, a rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Odindi wákàtí mẹ́rin, mo fẹ́ràn ọmọ mi.
Ó dì mọ́ mi lọ́rùn: "Mọ́mì, ẹ ti padà dé!"
Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ẹyinjú mi tí áìsì ti mú fẹ̀.
"Kó ẹrù ẹ."

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Mo buwọ́ lùwé ní kóòtù láàárọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni Tamsin á máa gbé títí tó fi máa pé ọdún méjìdínlógún.
Sájẹ́ǹtì gbé fóònù fún Tamsin ní ìrọ̀lẹ́ kó lè bá mi sọ̀rọ̀.
"Mọ́mì, ìgbà wo lẹ máa wá? Kẹ́ ẹ wá bí tọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn o."
Mo ní, láìpẹ́.
Mọ́mì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fẹ́. Mo sì mọ ẹni tó ń tà á.