Ẹsẹ̀ Òsì Ìkẹ́olúwa

                                        Ilé Kẹrìnlá, Ojú Ọ̀nà Ìpáò,
                                        Ìkọ̀lé-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kẹrin, Ọdún 2004.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Tòhíbù,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Nímọ́tà ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹnìkan tó ti Ìdó dé sọ fún mi pé ìyá yín ti tún ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo bá yín dúpẹ́ gidigidi. Ara tèmi àti ti Rónkẹ́ le. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì níhìn-ín, àwọn ènìyàn sì ti ń sáré kọ ebè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀lé. Mò ń jowú, èmi ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹni tí mo sì ń jowú rẹ̀ ni Jùwọ́nlọ. O kò ní gbàgbé rẹ̀. Òun ló máa ń bá wa di aṣọ mú nígbà tí èmi àti ìwọ bá ń sáré fún ilé-ìwé wa, torí pé ìgbà kan ṣoṣo tí òun náà dán an wò, àwọn tó ń ta ẹ̀pà ti palẹ̀ mọ́ kí ó tó dé.

Oṣù kìn-ín-ní ni ó ti Amẹ́ríkà dé, kí ó lè dúró ti ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kairopirátíkì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí ó kọ́ lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ló fi ń tọ́jú eegun ẹ̀yìn, ìbàdí àti oríkèé. Kò lo abẹ́rẹ́, kò lo oògùn. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé uṣẹ́ eegun títò tí Ògúndélé ń ṣe ní Ìpáò láìwọ ọkọ̀ òfúrufú ni ìwọ fi ọdún mọ́kàndínlógún lọ kọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn àgbẹ̀ láti Òmù fi kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Mo ti kọ̀wé sí ọ nípa Ìkẹ́olúwa, ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ ní eré ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí ó bá ti sá kìlómítà méjì, á máa tiro. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ìdíje Adó, níbi tí wọn yóò ti yan ẹni méjì tí yóò sáré fún ìpínlẹ̀ wa. Mo fún un ní ìsinmi, mo ní kí wọ́n fi omi gbígbóná jó o, ìrora náà tún padà. Ni ìyá rẹ̀, Adébísí, bá mú un lọ sí Ọ̀yẹ́ láìsọ fún mi. Nígbà tí wọ́n máa lọ lẹ́ẹ̀kejì, mo tẹ̀lé wọn.

Jùwọ́nlọ kò tètè fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ yí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sókè, ó wò ó pẹ́. Ó wo bí ó ti ń rìn, ó yẹ ìbàdí rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ níbi méjì, nǹkan sì dún kọ̀. Adébísí dìde.

"Màmá, ẹ jókòó, kò ṣẹ́."

"Bí kò bá ṣẹ́, kí ló dún?"

"Afẹ́fẹ́ inú oríkèé ni."

"Ọmọ mi kì í ṣe táyà."

Jùwọ́nlọ rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí mi. "Akin, ẹ̀gbẹ́ títì wo lẹ máa ń gbà sáré?"

Mo dá a lóhùn tìgbéraga-tìgbéraga pé apá òsì ni, àlọ àti àbọ̀, kí á lè máa rí mọ́tò tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi pa òfin yẹn mọ́, mọ́tò kò sì gbá ọmọ kankan. Ó ní òfin náà dára nítorí mọ́tò, ṣùgbọ́n ìbàdí kò fẹ́ ẹ. Títì ga láàárín, ó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè ṣàn. Ẹni tó bá ń gba apá òsì lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni yóò máa wà nísàlẹ̀, ìbàdí á tẹ̀, orúnkún á sì jìyà rẹ̀. Ó ní ohun tí òun fọwọ́ ṣe kò ní tọ́jọ́ bí ọmọ náà bá padà sójú títì. Kí á lọ sí pápá, kí ó máa sá yí i ká sọ́tùn-ún lónìí, sósì lọ́la. Ó tún kọ́ ọ ní ìdárayá mẹ́ta tí yóò mú ìbàdí rẹ̀ lágbára.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Láti 1993, ọmọ mẹ́tàlá ló ti farapa lọ́wọ́ mi. Fún mọ́kànlá nínú wọn, ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni "ẹsẹ̀ òsì". Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, n kò bi ara mi léèrè rí. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Jùwọ́nlọ fi tirẹ̀ ríran.

Tòhíbù, lẹ́yìn tí mo rí èyí tán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ṣì kó àwọn ọmọ náà gba apá òsì, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun ló ń kọ́ mi níṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, Ìkẹ́olúwa jókòó sẹ́bàá títì, ó di orúnkún mú. Ó ní, "Sà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀." Ojú tì mí. Ọjọ́ kejì a lọ sí pápá, mo sì gbé ìwé náà lọ fún Jùwọ́nlọ nírọ̀lẹ́. Ó kà á tán, ó ní, "Ohun tí mo kàn ń fura sí, ìwọ ti ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́." Ó fẹ́ fi yìn mí ni, ṣùgbọ́n bí àbùkù ló ṣe rí lára mi.

Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, Ìkẹ́olúwa ṣe ipò kejì ní Adó. Wọ́n mú un. Adébísí kúnlẹ̀ fún Jùwọ́nlọ níwájú gbogbo ènìyàn, ó dúpẹ́, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi: "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ kú ìdúró."

Bá mi kí Nímọ́tà, kí o sì bá mi fi ọ̀wọ̀ kí ìyá yín bí o bá dé Ìdó. Bí o bá pàdé Jùwọ́nlọ lọ́nà, má sọ ohunkóhun nínú èyí fún un. Fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí. Ìkẹ́olúwa ló wà láàárín, ìyá rẹ̀ lápá kan, Jùwọ́nlọ lápá kejì, tó gbọ́wọ́ lé e léjìká bí ẹni tí wọ́n jọ sá a. Má wá mi níbẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé kámẹ́rà fún.

                                        Èmi ni tìrẹ, láti ọjọ́ tí a ti jọ ń sáré,
                                        Akínlolú.