Mo Dúró Lórí Ìlà Sàká Lóòótọ́

                                        Ilé Alhaja Kòfowórọlá,
                                        Ìjokú, Ṣàgámù,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ keje, oṣù kẹrin, ọdún 2025.

Abdullateef, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Irọ́ ni. Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Mi ò tíì di ẹni tó ń tọrọ jẹ, obì mi kò bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ni àbúrò rẹ Kareemat sọ pé òun rí mi lórí ìlà sàká ní mọ́sálásí wa nínú Ramadan. Mo dúró lórí ìlà náà. Ohun tí mo wá ṣe níbẹ̀ ni kò mọ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ. O kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o. Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Àwọn tó ni iléèwé tí o ti ń kọ́ni ní Ìlọrin ńkọ́, ṣé wọ́n ti rántí pé olùkọ́ náà ń jẹun? Ìyá mi ní kí n kí ọ. Ara wọn le, Alhamdulillah.

O rántí ọdún tí kòkòrò wọ obì gbànja mi. Agbọ̀n tí mo bá ṣí, ìyẹ̀fun ni mò ń bá nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní kí n lọ gba gbómúlélántà, owó tí èèyàn ń san tòun tèlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ní mi ò jẹ èlé. Wọ́n ní, "Sàláwù, ebi ò mọ èlé o." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó pa mí." Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, bíi ti bàbá mi. Wọn ò parọ́.

Mo lọ ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣa obì ní ṣọ́ọ̀bù Alhaja Kòfowórọlá, onílé wa. Mò ń bó o, mò ń fọ̀ ọ́, mò ń yọ oníkòkòrò kúrò. Lọ́jọ́ kan, Alhaja pè mí, wọ́n tọ́ka sí agbọ̀n mẹ́rin. "Owó tèmi, ẹsẹ̀ tìrẹ. Bí èrè bá wọlé, a ó pín in. Bí àdánù bá dé, owó tèmi ló lọ, wàhálà tìrẹ ló lọ. Má kàn bá mi sá o, mi ò lè sáré mọ́." Bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kadà kan ń gbé mi lọ sí oko Ìrolú àti Ìperu, ọlọ́kadà náà sì ń dúró títí n ó fi tà kó tó gbowó. Ìyá Tiwalọpẹ́, ará ilé wa, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló ń gbé ògì àti àkàrà wá fún ìṣínu wa lọ́dún tí kò sí nǹkan kan nílé.

Obì kì í ṣe ẹran tútù. Ẹni tó bá kánjú tà á, yóò tà á lọ́pọ̀. Mò ń yí i nínú agbọ̀n, mò ń pààrọ̀ ewé rẹ̀, títí àwọn Hausa ní Sábó yóò fi máa wá a kiri. Nígbà tó fi di èṣín, mo ti dá owó tí Alhaja fi bẹ̀rẹ̀ padà fún wọn, gbogbo agbọ̀n tó kù sì jẹ́ tèmi.

Nínú Ramadan tó kọjá yìí, Alfa Múkáílà bá mi ṣírò owó ọwọ́ mi àti obì tó wà nílẹ̀ ní iye tí ọjà ń pè é. Wọ́n ní ó ti tó òdiwọ̀n tí sàká fi ń di dandan, ó sì ti lo ọdún kan gbáko lọ́wọ́ mi. "Sàláwù, ìdá kan nínú ogójì kì í ṣe tìrẹ mọ́." Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ń sọ fún mi pé owó kúrò lọ́wọ́ mi, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè!

Láti ṣọ́ọ̀bù ni mo ti lọ sí mọ́sálásí, tòun ti àbàwọ́n obì lára ṣòkòtò. Ọkùnrin tó ń to ìlà gbá mi mú: "Níbo lò ń sáré lọ?"

"Alfa ni mo fẹ́ rí."

"Àwọn tó dúró yìí ńkọ́, ọba ni wọ́n fẹ́ rí? Bọ́ sẹ́yìn màmá yẹn."

O mọ ẹnu mi. Ǹ bá bá a jà. Ṣùgbọ́n mo wo ibi tó ní kí n dúró sí: ìdí òpó tí èmi àti ìwọ máa ń dúró sí pẹ̀lú àwọn ìyá wa, tí a gbé abọ́ dání. Ibẹ̀ lo ti sọ pé bí o bá dàgbà, ìrẹsì tí kò ní òkúta ni wàá máa fún èèyàn. Mo dúró. Mo tò ó dé iwájú. Wọ́n bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nílé wa, mo yọ owó jáde nínú ọ̀rá. Alfa bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ní kí o tò?" Ẹni tó ń to ìlà wo owó, ó wo ṣòkòtò mi. "Ọ̀gá, ẹ má bínú." Mo ní, "Kí ni n ó bínú sí? Ibi tí mo ti wá gan-an lẹ mú mi dúró sí." Ìrẹsì jákà tèmi náà, èyí tí a ń fún aláìní bí ààwẹ̀ bá ń parí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi ṣà á. Kò sí òkúta kan níbẹ̀.

Kareemat rí mi lórí ìlà, ó yíjú kí ojú má baà tì mí. Ọmọ dáadáa ni, má bá a jà. Ṣùgbọ́n kó lọ bá gbogbo ẹni tó sọ fún. Bàbá kan ní Ìrolú ti ń bi mí lánàá bóyá kí òun ṣì kó obì fún mi kí n tó sanwó. Nínú iṣẹ́ wa, orúkọ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé ẹrù fúnni. Kó sọ pé ara mi le, iṣẹ́ mi ń lọ. Kó má dárúkọ sàká tí mo san. Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Bí mo ṣe ń kúrò ní mọ́sálásí, mò ń fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí: Alhaja, ìyá mi, Ìyá Tiwalọpẹ́, Alfa, ọlọ́kadà. Mo rò pé mo ti kà wọ́n tán. Àfi bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ṣe wọ àkáǹtì mi lọ́jọ́ kejì, tí o kọ ọ́ sí i pé, "Fi ra oúnjẹ, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ìwọ tí wọn ò tíì sanwó oṣù mẹ́ta fún! Mo ti dá a padà láàárọ̀ yìí, má bá mi jiyàn. Fi ra bàtà fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò fi ìka ka àwọn tó dúró tì mí mọ́, mi ò lè kà wọ́n tán.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwọ náà tò lórí irú ìlà yẹn, tìwọ ti owó nínú ọ̀rá.

Èmi tí a jọ gbé abọ́ kan,
Sàláwù