Ìkòkò Ọtí Mi Di Ti Kìtán

Èmi, Mary Fẹ̀yìntọlá Akínyẹmí, opó, tí mo ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní ìlú Oǹdó, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n ń bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti rọ, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo sì mọ ẹni tí mo fẹ́ fún. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Àbúrò mi, Johnson Oríọlá, ni kí ó mú ìhágún yìí ṣẹ.

1. Oko kòkó ìyá mi ní Ilu-Abo di ti Moyinolúwa, ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Alágbàká, Àkúrẹ́.

Moyin, o ní kí n fi ọtí pípọn sílẹ̀ nítorí ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọtí náà ló rán ọ níléèwé. N kò bínú sí ọ.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi àti ọkọ́ àti àdá mi di ti Reuben, ọmọkùnrin mi. Má ta abo dúdú yẹn o, ìbejì ló máa ń bí.

3. Àwọn ìkòkò ọtí mi, asẹ́, akèrègbè àti igbá, mo fún Kìtán, orogún mi.

Mo mọ̀ pé èyí yóò yà yín lẹ́nu. Níbi ìsìnkú bàbá yín, Kìtán sọ lójú gbogbo àlejò pé ìkòkò mi ń rùn. Irọ́ ni. Àwọn oníbàárà sá fún mi, èmi náà kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni àìsàn mú mi lápá. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gan mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, n kò lè fi ọwọ́ kan fọ̀ ọ́. Mo jókòó ti ìkòkò náà, mo ń sunkún.

Kìtán ló wọlé. Ó gba kànrìnkàn lọ́wọ́ mi, ó ní: "Ẹ sinmi, ìyálé mi. Èmi ni mo pè é ní ìdọ̀tí, èmi náà ni n ó fọ̀ ọ́." Ó fi eérú àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́; kò fi ọṣẹ kàn án, kí òórùn ọṣẹ má baà wọ inú ọtí. Ó sá a sóòrùn síwájú ilé, ó pe àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí a tún pọn ọtí, òun ló kọ́kọ́ mu ún lójú wọn. Àwọn oníbàárà padà. Láti ìgbà náà, òun ló ń fọ̀ ọ́. Kò bẹ̀ mí, n kò sì ní kí ó bẹ̀ mí.

4. Ilé tí mo kọ́ ní Oǹdó di ti Moyinolúwa àti Reuben, ṣùgbọ́n yàrá Kìtán àti ilé ìdáná ẹ̀yìn di tirẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ẹ kò gbọdọ̀ ta ilé náà níṣojú ẹ̀mí rẹ̀. Kò bímọ. Ẹ̀yin ni ọmọ tó ní.

5. Ní ọjọ́ ìsìnkú mi, ẹ fi Kìtán jókòó láàárín ẹbí. Kò gbọdọ̀ fọ ife kankan lọ́jọ́ náà. Moyin, Reuben, ẹ̀yin ni kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ìka òsì mi nìyí, mo tẹ̀ ẹ́ ní Oǹdó, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 2024.

Mary Fẹ̀yìntọlá Akínyẹmí

Ó ṣojú wa:
Akíntúndé Rufus
Sherifat Ọlọ́runfúnmi